Etí Ń Gbọ́, Òṣùwọ̀n Ń Wọ̀n: Ta Ni Yóò Dájọ́ Ohùn Ẹ̀rọ?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá sí ìjà kan tí kò tíì parí láti ìgbà tí giramafóònù ti wọ ìgbèríko Ìbàdàn títí di òní olónìí. Wọn kò jà nítorí ilẹ̀, wọn kò sì jà nítorí oyè. Ohùn ni wọ́n ń jà sí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì kalẹ̀ níbi ìnáwó ní Mọ́níyà tàbí ní Lálúpọn, kò ní pẹ́ tí àwọn ènìyàn yóò fi pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan yóò ní èyí ni ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn kan yóò ní rárá o, ìkejì ni. Àgbàlagbà kan lè dìde láàárín wọn kí ó sọ pé kò sí èyí tí ó tó ẹ̀rọ tí òun fi ń gbọ́ Haruna Ishola nígbà èwe òun. Ọmọ ilé-ìwé gíga kan yóò sì fa fóònù yọ, yóò ní kí wọ́n wo iye agbára tí a kọ sí ara ẹ̀rọ, nítorí pé ìṣirò kì í purọ́.

Àríyànjiyàn yìí ti kọjá ìgbèríko Ìbàdàn. Ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jàpáànù, àwọn tí ń fi owó ńlá ra ẹ̀rọ ìgborin ti ń bá ara wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ kan ní ohun tí òṣùwọ̀n kò bá rí, kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ ọ, àlá ni ó ń lá. Ẹgbẹ́ kejì ní etí ni Elédùmarè dá fún gbígbọ́, òṣùwọ̀n kò sì ní etí. Bí a bá fi ojú àṣà Yorùbá wò ó, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó sọ òtítọ́ díẹ̀, tí wọ́n sì fi àsọdùn bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ní abúlé tí ó jẹ́ pé owó kòkó, owó ẹ̀gẹ́ àti owó àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo, ìjọ kan tàbí mọ́sálásí kan lè dáwó títí kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn rà. Bí wọ́n bá rà á tán, tí ohùn oníwàásù sì ń dún lu ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ará ẹ̀yìn kò mọ ohun tí ó ń wí, owó náà ti wọgbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtóbi àpótí ẹ̀rọ náà tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni àwọn tí ó lọ rà á fi yàn án.

Ààfin ni ó yẹ kí ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni pé kí àwọn onílù ọba wà ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ìyáàlù ni wọn yóò fi kéde rẹ̀ fún ọba tí ó jókòó sínú ilé. Kábíyèsí kò rí àlejò, kò rí onílù, kò sì rí ìlù. Etí nìkan ni ó fi ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ yóò mọ ẹni tí ó dé, yóò sì ti múra sílẹ̀ bí ó ti yẹ kí ó gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìlù tí ó lẹ́wà lójú, tí ṣaworo rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, kò lè fi ẹwà yìí ra ojú ẹni tí kò rí i. Bí ohùn rẹ̀ bá dàrú, orúkọ àlejò dàrú nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ bí èdè Yorùbá ti rí yóò mọ̀ pé èyí le: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlù kò sì ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun ìní rẹ̀, pẹ̀lú ìgbà tí ọwọ́ onílù fi ń yára tàbí tí ó fi ń fà. Nítorí èyí ni onílù fi máa ń lo oríkì àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí gbólóhùn náà lè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìlù. Igi ọmọ tàbí igi apá ni wọ́n máa ń gbẹ́, wọn yóò fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú, wọn yóò sì fi ọṣán so ojú méjèèjì pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, etí ni ó kù. Nígbà ọyẹ́, awọ a máa le. Nígbà òjò, a máa dẹ̀, èyí ni ó ń mú kí onílù sá ìlù sí oòrùn tàbí kí ó yá a ní iná. Onígúdúgúdú a máa lẹ ìda dúdú mọ́ àárín awọ ìlù rẹ̀, a dín in kù, a fi kún un, títí ohùn yóò fi bọ́ sí ibi tí ó fẹ́. Kò sí ọmọ Àyàn kan ní Akínyẹlé tàbí ní Ọ̀nà-Àrà tí ó nílò ìwé ìṣirò kí ó tó mọ̀ pé ìlù òun ti dẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí ó ń dájọ́ yìí, etí tí a ti dán wò ni. Láti kékeré ni wọ́n ti fi ọmọ náà sí ẹ̀yìn àwọn àgbà onílù. Bí ó bá sì ṣì í lù, ojú agbo ni ojú yóò ti tì í. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín etí bẹ́ẹ̀ àti etí ẹni tí ó kàn wọ ṣọ́ọ̀bù tí ó ní, "Èyí ni mo fẹ́ràn."

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òyìnbó ni ó kó òṣùwọ̀n wá, àti pé ohun tí àwọn baba wa mọ̀ kò ju kí a tọ́ nǹkan wò lọ. Irọ́ ni. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti àgbàdo ní ọjà, kí ni ó wà fún bí kò bá ṣe pé ojú olùtà àti ojú olùrà kì í rí bákan náà? Àgbẹ̀ kòkó ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Akánràn mọ ọ̀nà méjèèjì. Yóò bu kòkó gbígbẹ lẹ́kùn-únwọ́, yóò fún un, yóò sì tẹ́tí sí bí ó ti ń dún. Bí ó bá ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ó ti gbẹ. Ẹni tí ń ra kòkó náà á fi ọ̀bẹ la èso rẹ̀ sí méjì láti wo bóyá ó ti hu èébú, á sì fi ẹ̀rọ wo ọ̀rinrin rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 8 lọ nínú 100. Kò sí ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn jà. Àgbẹ̀ tí etí rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ kì í sábà jìnnà sí ohun tí ẹ̀rọ yóò wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá délẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ rí ni wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀.

Ní ti ohùn, kí ni òṣùwọ̀n ti rí? Ohùn jẹ́ ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́. Etí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá lè gbọ́ ìgbọ̀nrìrì tí ó wà láàárín 20 sí 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, ti òkè ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí ó ti lé ní 60 ọdún kì í gbọ́ ohun tí ó ju 12,000 lọ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi èyí fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ohùn ìyáàlù kò gbé òkè bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí etí àgbà ṣì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi yé àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí pé àdììtú tí ó dùn wà nínú rẹ̀. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìgbọ̀nrìrì tí kò tó nǹkan bí 300, kì í sì í gbé èyí tí ó ju nǹkan bí 3,400 lọ. Ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju 100 tàbí 150 lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìpìlẹ̀ ohùn bàbá tí ń sọ̀rọ̀ láti Èkó kò dé Ìbàdàn rárá. Bí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n lé wáyà náà, yóò búra pé kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè láìṣe àṣìṣe. Kò gbọ́ ọkọ́ nígbà tí ó pe ọkọ̀. Báwo ni ó ṣe jẹ́? Àwọn ìgbọ̀nrìrì òkè tí ó tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ ohùn náà wọlé, ọpọlọ sì fi wọ́n ṣírò ìpìlẹ̀ tí kò wá, ó dá a padà sípò. Ohun kan náà ni ó jẹ́ kí àgbẹ̀ tí ó gbé rédíò kékeré kọ́ ẹ̀ka igi ní oko gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí, bẹ́ẹ̀ gbohùngbohùn inú rédíò náà kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kò sì lè gbé ìsàlẹ̀ ohùn ìlù jáde. Ohun kan náà ni àpótí rédíò onígi tí wáyà gbé wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó láti 1935 àti ní Ìbàdàn láti 1939 ń ṣe, èyí tí àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n nìkan dájọ́ àpótí yẹn yóò ní kò wúlò. Àwọn tí ó gbọ́ ìròyìn ogun àti orin nínú rẹ̀ kò ní gbà fún un.

Nítorí náà, a kò lè fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú etí. Ṣùgbọ́n etí ní àbùkù kan tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́: ojú àti owó a máa bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ méjì bá dọ́gba, tí wọ́n fi ọgbọ́n gbé ohùn ọ̀kan ga sókè díẹ̀ ṣíún, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gbọ́ kò ní sọ pé ó ga jù, yóò ní ìyẹn ni ohùn rẹ̀ dùn jù. Àwọn oníṣòwò ọlọ́gbọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Floyd Toole àti Sean Olive gbé àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pe ènìyàn 40, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn 4 síwájú wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà ń wo ẹ̀rọ bí ó ti ń kọrin, wọ́n yin àwọn ńlá olówó iyebíye, wọ́n sì fojú tín-ínrín ọ̀kan kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n ta aṣọ bo gbogbo wọn, ìdájọ́ yí padà, ipò ẹ̀rọ kékeré náà sì gòkè. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó dájọ́ náà kì í ṣe òpè. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ ohùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tí ó ya àwọn olórin lẹ́nu jù ni ti fáólìn, gòjé òyìnbó. Àwọn fáólìn tí Stradivari gbẹ́ ní Ítálì ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, owó ilé ńlá ni wọ́n fi ń rà wọ́n, gbogbo ayé sì gbà pé kò sí ohun tí a ń ṣe lóde òní tí ó tó wọn. Ní 2010, ní ìlú Indianapolis, Claudia Fritz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó fáólìn 6 jọ, 3 àtijọ́ àti 3 tuntun. Owó àwọn àtijọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó nǹkan bí mílíọ̀nù 10 dọ́là, ìlọ́po 100 owó àwọn tuntun. Wọ́n wọ gíláàsì dúdú fún àwọn atafáólìn 21 kí wọ́n má baà mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù jẹ́ tuntun; èyí tí wọ́n fẹ́ràn kéré jù jẹ́ ọ̀kan nínú ti Stradivari. Ẹ kíyè sí i pé òṣùwọ̀n kò sọ ohunkóhun níbẹ̀. Etí àwọn olórin fúnra wọn ni ó dájọ́, nígbà tí wọ́n bọ́ ojú àti orúkọ kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ògiri ààfin ti ń ṣe fún ọba.

Bí ìwádìí òyìnbó bá ti bu etí kù báyìí, ìwádìí kan wà tí ó gbé e ga, ilẹ̀ wa ni ó sì ti mú ohun èlò rẹ̀. Ní 2021, Cecilia Durojaye, ọmọ Nàìjíríà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìlù dùndún. Onílù tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ni wọ́n ní kí ó lu ìlù ní ìgbà 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìṣẹ́jú àáyá 7. Nínú 15, ìlù náà ń sọ̀rọ̀. Nínú 15 yòókù, orin ni. Ènìyàn 107 ni ó gbọ́ ọ, láti oríṣiríṣi ilẹ̀, èdè abínibí 15 ni wọ́n pín sí; 51 nínú wọn ni ó sọ pé àwọn mọ dùndún tẹ́lẹ̀. Wọ́n bi wọ́n pé èwo ni ọ̀rọ̀, èwo ni orin. Àwọn tí ó mọ ìlù náà ni ó mọ̀ ọ́n yà jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá gbà á ju bí ẹni tí ń méfò lásán ṣe lè gbà á lọ. Nígbà tí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wo ohùn ìlù náà, wọ́n rí ohun tí etí ń tẹ̀ lé: bí ohùn ti lágbára tó, bí ó ti ga tàbí tí ó rẹlẹ̀, bí ó ti dún lára, àti bí ìgbà ti ń lọ láàárín lílù kan sí ìkejì. Etí ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Òṣùwọ̀n wá sọ ohun tí etí fi mọ̀. Ẹ̀rí nìyí pé etí àgbà tí ó ti bá ìlù gbé fún 50 ọdún ní ohun tí ó gbọ́, kì í ṣe ẹnu lásán. Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga tí ń fi ìwé sáyẹ́ǹsì gbá àwọn àgbà létí kò ì tíì kà á dé ibi tí ó yẹ.

Ibi tí ìṣirò ti ní àṣẹ tí etí kò gbọdọ̀ bá a dù pọ̀ díẹ̀. Ọ̀kan ni ti agbára. Ọ̀pọ̀ páálí ẹ̀rọ ìgborin tí wọ́n ń tà lọ́jà ni wọ́n kọ wáàtì rẹpẹtẹ sí, pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin yìí, PMPO. Agbára tí ẹ̀rọ lè fò sókè kàn fún ìṣẹ́jú tí kò tó ìpajú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù sì ń ṣírò rẹ̀ bí ó ti wù ú. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ yí i padà kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ iye iná tí ó ń jẹ sí. Bí páálí bá ní wáàtì 3,000, tí ẹ̀yìn sì ní wáàtì 60, kí olùwarẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ kò lè máa pọ ju ohun tí ó jẹ lọ.

Ìkejì ni ti ariwo. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni ń ya. Etí náà a máa ya, ṣùgbọ́n a kò lè ran án bí awọ. Àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní ariwo tí ó bá tó dẹ̀síbẹ̀lì 85, kí ènìyàn má ṣe wà nínú rẹ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti pé bí ó bá ti fi 3 lé, kí a gé wákàtí náà sí méjì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Àwọn gbohùngbohùn tí wọ́n ń tò lérí ara wọn níbi òkú àgbà ní ìgbèríko kì í dákẹ́ ní ìṣẹ́jú 15. Ilẹ̀ a máa mọ́ bá wọn. Etí kò sì ní kìlọ̀, nítorí pé bí ó ti ń kú ni ariwo náà ń dín kù lójú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Ọmọdé tí ó jókòó ti ẹ̀rọ náà lónìí ni yóò jẹ́ àgbà tí kò ní mọ ohun tí ìyáàlù ń wí lọ́la. Fóònù tí ọ̀dọ́ fi ń jiyàn lè wọn ariwo náà níwọ̀n ìba, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó ti mú un jáde.

Ohun tí ìjọ, mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ lè ṣe kò ṣòro, olùkọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì lè bá wọn ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì sí ẹ̀yìn aṣọ. Kí wọ́n fi fóònù wọn ohùn wọn kí ó dọ́gba. Kí ẹni kan tí àwọn àgbà kò rí máa ta kọ́bọ̀ sókè láti mọ èyí tí yóò lù, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 10, kí olúkúlùkù sì máa kọ èyí tí ó rò pé òun gbọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan yóò gba nǹkan bí 5. Ẹni tí ó bá gba 9 tàbí 10, kí a bọ̀wọ̀ fún etí rẹ̀. Nínú 100 ènìyàn tí ń méfò, bóyá ni ẹnì kan yóò gba bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè yà wọ́n, kí wọ́n ra èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pe onílù kan, kí ó fi ìyáàlù sọ gbólóhùn 10 sínú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, kí ó sì kọ wọ́n sí ìwé kí ó fi pamọ́. Kí àwọn àgbà jókòó sí ìlà tí ó jìnnà jù, kí a lu ohun tí a gbà sílẹ̀ náà jáde, kí wọ́n sì sọ fún akọ̀wé ohun tí ìlù wí. Ẹ̀rọ tí ó bá jẹ́ kí wọ́n gba púpọ̀ jù nínú 10 ni kí akápò san owó rẹ̀.